Sílíńdà Gáàsì Fìríìjì: Bí Ewu Ṣe Kúrò Nínú Gáàsì Tó Bọ́ Sínú Irin

Ní ọjà Alábà nílùú Èkó, àti ní ìsọ̀ àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, sílíńdà kékeré tó ga dé orúnkún kò wọ́n. Òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ní àwọ̀ sánmà, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó. Wọ́n ń gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ń fi ṣe ìjókòó, wọ́n sì ń tì í sábẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ kò kà á sí ohun eléwu rárá. Gáàsì fìríìjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì gbà pé gáàsì ìdáná nìkan ló ń bú gbàmù. Èrò yìí kò ṣàdédé wáyé. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún.

Ní ọdún 1834, Jacob Perkins, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ kan tó lè sọ omi di yìnyín. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni ọgbọ́n tó ṣì wà nínú fìríìjì ilé wa lónìí. Nǹkan olómi máa ń fa ooru mọ́ra nígbà tó bá ń di afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú ara tutù bó bá ń gbẹ. Bí a bá tún fún afẹ́fẹ́ náà mọ́ra, yóò padà di olómi, yóò sì tú ooru tó gbé dání sílẹ̀ síbòmíràn. Ether ni Perkins lò, ether sì jẹ́ ohun tó ń gbiná wéréwéré. James Harrison, oníwèé ìròyìn kan nílùú Geelong ní Ọsirélíà, lo ether bákan náà nígbà tó ń ṣe yìnyín tà ní àwọn ọdún 1850. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti mú nǹkan tutù wá di ẹ̀rọ tó lè sun ilé.

Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gba amóníà dípò ether. Ferdinand Carré bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1859, Carl von Linde sì sọ ọ́ di ohun èlò pàtàkì fún àwọn tó ń pọn ọtí bíà ní Jámánì ní àwọn ọdún 1870. Amóníà máa ń ta ojú, ó máa ń jó ọ̀fun, ó sì lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní ìwà ọmọlúàbí kan: kì í yọ́ wọlé. Kí ó tó dé ìwọ̀n tó lè pani, òórùn rẹ̀ á ti lé gbogbo ẹni tó wà nínú ilé jáde. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí onímọ̀ ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n lè bá a gbé.

Ìgbà tí ẹ̀rọ yìí kúrò ní ilé iṣẹ́ tó wọ inú ilé ìdáná ìdílé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní àwọn ọdún 1920, fìríìjì tó ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo gáàsì imí ọjọ́ tàbí methyl chloride. Ti imí ọjọ́ ṣì ní òórùn tó ń jí ènìyàn lójú oorun. Methyl chloride kò ní òórùn kan tó le. Ó kàn ń dùn fẹ́ẹ́rẹ́ nímú ni, ẹni tó sùn kò sì lè mọ̀ pé ó ti kún yàrá. Ní ìlú Chicago láàárín ọdún 1928 sí 1929, àwọn oníṣègùn ṣe àkọsílẹ̀ ènìyàn 29 tí methyl chloride láti inú fìríìjì ilé ṣe ní jàǹbá. Ènìyàn 10 nínú wọn kú. Ìrú ìròyìn báyìí, tó kan ìdílé kan nílùú Berlin, ni wọ́n ní ó mú kí Albert Einstein àti Leo Szilard jókòó láti ọdún 1926 láti wá ọ̀nà ṣe fìríìjì tí kò ní ibi tí gáàsì lè gbà jò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lóríṣìíríṣìí lórí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n fìríìjì wọn kò dé ọjà. Ohun tó gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn ni gáàsì tuntun.

Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ General Motors, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gáàsì náà rí ní ọdún 1928. Midgley kan náà yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n po òjé mọ́ epo bẹntiróòlù, nítorí náà ó ṣòro láti rí ẹlòmíràn tí ọgbọ́n orí rẹ̀ tún kó bá ayé tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1930, níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fa gáàsì tuntun náà símú títí àyà rẹ̀ fi kún, ó sì fẹ́ ẹ jáde sórí iná àbẹ́là. Iná kú. Midgley kò kú. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i pé gáàsì náà kì í ṣe májèlé, kì í sì í gbiná. Ní ọdún yẹn gan-an, General Motors àti DuPont dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa pèsè rẹ̀, orúkọ tó sì gbà lọ́jà ni Freon. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n sí R-12.

Èémí tí Midgley fẹ́ sórí àbẹ́là yẹn pa ju iná lọ. Ó pa ìbẹ̀rù pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ amóníà máa ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà wọn, nítorí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó jogún Freon kò rí ìdí kankan láti máa rìn jẹ́jẹ́. Òtítọ́ ni ohun tí Midgley fi hàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ìlàjì ni. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, yóò tẹ́ sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò sì gba àyè afẹ́fẹ́ tí ènìyàn fẹ́ mí. Bó bá kan iná tàbí irin tó gbóná pọ́n, yóò fọ́ sí oríṣìí ásíìdì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, kódà phosgene, gáàsì olóró tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi Midgley ní ọjọ́ náà ni ti irin tó gbé gáàsì náà wá. Àbẹ́là kò lè dáhùn ìyẹn.

Ohun tó wà nínú sílíńdà kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ olómi, òkè rẹ̀ jẹ́ gáàsì, bí méjèèjì bá sì ṣì wà níbẹ̀, ooru ló ń pàṣẹ ipá tí wọ́n fi ń ti ara irin, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Sílíńdà R-22 tó kún àti èyí tó ku ìlàjì yóò fi iye kan náà hàn lójú géèjì. Ní 25°C, iye náà jẹ́ nǹkan bíi 137 psi. Ní 50°C, ó ti kọjá 260. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná ju ìyẹn lọ. R-410A tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń lò báyìí ti wà ní nǹkan bíi 225 psi ní 25°C, kí oòrùn tó fọwọ́ kàn án rárá. Kí ẹni tí kò mọ psi lè rí i dáadáa: táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kún dáadáa kì í sábà ju 35 lọ.

Géèjì kò lè sọ fún mẹkáníìkì pé sílíńdà ti kún àkúnjù. Òṣùwọ̀n nìkan ló lè sọ ọ́. Ohun olómi tó wà nínú rẹ̀ máa ń wú bí ooru bá mú un. Níwọ̀n ìgbà tí àyè bá ṣì wà lókè fún gáàsì, wíwú náà kò ní wàhálà, nítorí gáàsì ṣeé fún mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí olómi bá wú títí tó gba gbogbo àyè, kò sí ohun tó tún lè fún mọ́ra mọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí ooru bá fi ìwọ̀n díẹ̀ péré lé sí i, ipá inú rẹ̀ yóò fò sókè kọjá ohun tí irin lè gbà. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dúró lé: wọn kì í jẹ́ kí olómi ju ìdá 80 àyè inú sílíńdà lọ. R-22 tó gba ìdá 80 ní 25°C yóò ti sún mọ́ ìdá 90 bó bá dé 54°C. Ìdá 10 tó kù yẹn ni ohun tó wà láàárín ẹni tó gbé e àti ikú.

Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà méjì méjì sára ọrùn sílíńdà gidi. TW ni ìwọ̀n irin náà nígbà tó ṣófo. WC ni ìwọ̀n omi tó lè gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rọ gáàsì sínú sílíńdà tó gba kìló omi 20 yóò kọ́kọ́ mú ìdá 80 nínú rẹ̀, ìyẹn kìló 16. Lẹ́yìn náà ni yóò wo bí gáàsì rẹ̀ ṣe wúwo sí omi. R-22 wúwo ju omi lọ, lítà kan rẹ̀ jẹ́ kìló 1.19 ní 25°C, nítorí náà sílíńdà náà lè gba kìló 19. R-410A kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Kìló 17 ni tirẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ kìló 19 lórí tó wá fi rọ R-410A ti rú òfin náà láì mọ̀, kò sì sí àmì kankan tó máa fi hàn án ní wákàtí yẹn. Àárọ̀ tàbí alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rọ gáàsì, nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Ọ̀sán ni ó máa ń gbẹ̀san.

Àṣà méjì ló tún burú ju èyí lọ, méjèèjì sì kún fún ọgbọ́n, nítorí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń dá wọn. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ki sílíńdà òfìfo bọ inú yìnyín kí ó lè máa fa gáàsì láti inú sílíńdà ńlá. Gáàsì máa ń sá lọ síbi tó tutù, ó sì ń di olómi níbẹ̀. Olómi tó tutù kì í gba àyè púpọ̀, nítorí náà sílíńdà inú yìnyín yóò gba ju ohun tó yẹ kó gbà lọ, ojú ẹni tó ń wò ó yóò sì sọ pé àyè ṣì wà. Ìkejì ni kí wọ́n fi iná jó ìdí sílíńdà kí gáàsì lè tètè sá wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà fún iṣẹ́ yìí ti kọ ọ́ tipẹ́ pé kí sílíńdà má ṣe kọjá nǹkan bíi 52°C níbikíbi. Iná kò mọ 52. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà mọ́ra tó fún iṣẹ́ náà, kò sì náni ju sùúrù lọ.

Ti sílíńdà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Èyí ni sílíńdà aláwọ̀ mèremère tí a kọ́kọ́ dárúkọ, èyí tó sábà máa ń gbé kìló 13.6 gáàsì. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Fáàfù rẹ̀ ní ohun kékeré kan nínú tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó wọlé. Kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ sílíńdà ìkógáàsì wò, èyí tó jẹ́ eérú lára, tí orí rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ní Amẹ́ríkà, ó lòdì sí òfin láti tún un rọ kí wọ́n sì gbé e rìn lójú títì. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìdí rẹ̀ níbi tó ti dúró lórí ilẹ̀ tútù, irin tó fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di bébà. Síbẹ̀, káàkiri ayé, àwọn ènìyàn a máa yọ ohun kékeré inú fáàfù yẹn kúrò, wọn a sì sọ ọ́ di sílíńdà àrọtúnrọ. Àwọn mìíràn a fi ṣe àgbá ìfẹ́-táyà.

Ọ̀run ni ọ̀rọ̀ tún gbà dé orí irin yìí. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kéde pé gáàsì Midgley kì í parẹ́ bó bá jò. Ó ń gòkè títí yóò fi dé ìpele ósónì tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, yóò sì máa jẹ ẹ́ run. Ní ọdún 1985, Joseph Farman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ìpele náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lórí Antarctica. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1988, ó sì ṣe òfin ìdáàbòbò ìpele ósónì tirẹ̀ ní ọdún 2009. Nígbà tí ọdún 2010 wọlé, gbèdéke R-12 pé fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà. R-22 ń tẹ̀ lé e: wọ́n dín in kù ní ọdún 2015, 2020 àti 2025, ọdún 2030 ni wọ́n sì dá fún òpin rẹ̀, yàtọ̀ sí díẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tú gáàsì sí afẹ́fẹ́ mọ́, gáàsì inú ẹ̀rọ tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Sílíńdà ìkógáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì sínú rẹ̀ wọ́n lówó ju ohun tí ẹni tó jókòó lábẹ́ agboòrùn lójú títì ń rí lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pa òfin mọ́, tí kò sì ní irinṣẹ́, sílíńdà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tó ti ṣófo ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Òfin tó gba ọ̀run là ti tì í sọ́dọ̀ irin tó fẹ́lẹ́. Àwọn tó ṣe àdéhùn náà dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, wọ́n sì ti fi dá ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, ẹ̀kọ́ láìsí sílíńdà kò lè ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Bí gáàsì àtijọ́ sì ṣe ń wọ́n sí i ni ayédèrú ń pọ̀. Ní ọdún 2011, àwọn kọ̀nténà tó ń gbé oúnjẹ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní èbúté. Ènìyàn mẹ́ta ló kú, ní Vietnam àti ní Brazil. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé gáàsì tí wọ́n rọ sínú àwọn kọ̀nténà náà gẹ́gẹ́ bíi R-134a ní methyl chloride nínú, gáàsì kan náà tó pa àwọn ará Chicago ní ọdún 1929. Methyl chloride yìí bá alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ jà, ìjà náà sì bí ohun kan tó ń gbiná lójú ẹsẹ̀ tó bá kan afẹ́fẹ́. Sílíńdà tó gbé e wá kò kọ methyl chloride sára. Ní àkókò náà, àwọn mẹkáníìkì ṣì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: ewé fún R-22, sánmà fún R-134a, òdòdó pupa fún R-410A. Ọ̀dà kò ṣòro láti rà. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra wọn ti pa àwọ̀ yẹn tì nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n ń kun gbogbo sílíńdà wọn, àfi ilà pupa fún èyí tó ń gbiná. Ẹni tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sára sílíńdà kò mọ ohun tó rà.

Ilà pupa yẹn ń pọ̀ sí i. Láti ọdún 1993, nígbà tí ilé iṣẹ́ Jámánì kan gbé fìríìjì tó ń lo gáàsì irú ti ìdáná jáde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Greenpeace, R-600a ti gba inú fìríìjì ilé kan. Kò ba ósónì jẹ́, ooru tó ń dá sí ayé kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń gbiná. R-290, tó jẹ́ propane gan-an, ń wọ ẹ̀rọ amúlétutù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ewu tó kúrò nínú gáàsì ní ọdún 1930 ti ń padà bọ̀, ó sì bá irin tó fẹ́lẹ́ nílé. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú sílíńdà wá di ọ̀rọ̀ gidi: ìta tó ní ibòji tàbí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ láti ìsàlẹ̀, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí sílíńdà dúró lóòró, kí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri kí ó má baà ṣubú tí fáàfù yóò fi já, kí ìdérí fáàfù wà lórí, kí ìdí rẹ̀ má sì kan ilẹ̀ tútù. Ìsọ̀ tó gba tábìlì kan àti àga kan kò ní àyè fún ìdajì nǹkan wọ̀nyí.

Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin lé sílíńdà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan kúrò lọ́jà láti ọdún 2007. Amẹ́ríkà fẹ́ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 ilé ẹjọ́ kan ní Washington sọ pé àjọ tó ń mójú tó àyíká kò ní àṣẹ láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, sílíńdà náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àdéhùn Kigali ti ọdún 2016, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2018, ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa dá R-410A àti R-134a dúró sí iye tí wọ́n ń lò láti ọdún 2024, kí wọ́n sì máa dín in kù láti ọdún 2029. Èyí tó túmọ̀ sí pé propane yóò máa pọ̀ sí i ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Propane fúyẹ́ púpọ̀. Lítà kan rẹ̀ kò tó ìdajì kìló. Sílíńdà tó gba kìló omi 20, tó ń gba kìló 19 R-22, kò gbọ́dọ̀ gba tó kìló 8 rẹ̀.